Àṣìṣe tí àwa olólùfẹ́ metal àtijọ́ ń ṣe bí àwo tuntun bá jáde

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Metallica, ẹgbẹ́ tó ń kọ metal, ìyẹn orin gìtá líle, gbé àwo 72 Seasons jáde, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2023. Wọn kò tíì kírun Jímọ̀ tán ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo àwa tí à ń gbọ́ orin yìí ń bọ̀wọ̀ fún fi pè mí. Ó ní, "Àbúrò, ó ti tán lára wọn. Ká yáa máa gbọ́ tàtijọ́ wa." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ tán?" Ó ní orin mẹ́ta lòun gbọ́, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, láti Òkè-Àjẹ́ dé ilé. Orin méjìlá ló wà nínú àwo yẹn, ìṣẹ́jú 77 ló gbà. Orin tó kẹ́yìn, Inamorata, nìkan lé ní ìṣẹ́jú 11. Ẹ̀gbọ́n kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá kó tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀.

Òun ló kọ́ mi ní orin yìí, mi ò sì lè rí i fín. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Ṣàgámù, pé àwa tí a fẹ́ràn àwọn ẹgbẹ́ yìí jù là ń kọ́kọ́ sin àwo wọn láàyè.

Ẹ má fi gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀kan bá ogún ọdún jà

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ gba Master of Puppets, àwo Metallica àtijọ́, sílẹ̀ fún mi, tépù kan ṣoṣo ló wà nílé wọn. Ó lọ yá òmíràn, ó gbé méjèèjì dojú kọra, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ bọ́tìnnì. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 ni, ojú kan ìṣẹ́jú 30, ojú àwo náà kọ̀ọ̀kan kò sì pé 28. Ó wọ inú rẹ̀ wẹ́kú. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni mo ní fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bírò ni mo fi ń yí i padà kí bátìrì má baà tètè kú. Kí n tó ní òmíràn, kò síbi tí onílù ti gbọ́wọ́ sókè tí mi ò mọ̀.

Nínú orin Orion, tí wọn kò fi ẹnu kọ rárá, tó jẹ́ ohun èlò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ tí gìtá béèsì Cliff Burton, ọmọ ẹgbẹ́ Metallica, sì ń ṣáájú wọn, ohùn màmá ẹ̀gbọ́n wọlé láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ń pè é kó wá pọnmi. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì. Àwo yẹn ti wà lórí fóònù mi báyìí, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bí Orion bá ti ń dé ibẹ̀, etí mi ṣì máa ń dúró de ohùn màmá. Màmá ti lọ. Burton náà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Sweden ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ọdún tí àwo náà jáde gan-an.

Ibí yìí ni àṣìṣe tó tóbi jù wà. Gbogbo adùn yẹn là ń kọ sórúkọ Metallica, bẹ́ẹ̀ Metallica kọ́ ló fi ohùn màmá síbẹ̀, Metallica kọ́ ló jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ ẹyọ kan, Metallica kọ́ ló jẹ́ kí n wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sí àwo tuntun tó lè kó nǹkan wọ̀nyí wá fún wa. Orin ló lè mú wá, orin ọ̀hún sì ń fẹ́ àgbọ́túngbọ́. Ní tèmi, mo ti fi ìgbà mẹ́wàá ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà, kí n tó la ẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwo kan kò dáa. 72 Seasons kò wọ̀ mí lára títí di ìgbà kẹfà tàbí ìkeje. Bí mo bá ti dá a dúró ní ẹ̀ẹ̀kejì ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n nìkan ni ǹ bá mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ má sọ pé orin ti gùn jù

Àwo Senjutsu tí ẹgbẹ́ metal Iron Maiden gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2021 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 82. Orin mẹ́ta tó kẹ́yìn rẹ̀, kò sí èyí tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú wọn. Ariwo tí mo gbọ́ ní Ṣàgámù nígbà náà ni pé àgbà ti dé sí wọn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Rẹ́mọ ni wá, inú fújì ni wọ́n bí wa sí. Ta ni kò mọ̀ pé Sikiru Ayinde Barrister á gbé orin ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo, kò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi máa dé àárín? Á kí Ọlọ́run, á ki èèyàn, á gba àdúrà, á jẹ́ kí àwọn onílù sọ tiwọn, ojú àwo kan á lọ. Ẹni tó ń ráhùn lórí Iron Maiden yìí, bó bá di Ojúde Ọba, tí òun àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n lè jó orin kan ṣoṣo láti ìta títí wọ iwájú Awùjalẹ̀, kò ní wo aago. Etí rẹ̀ mọ ọ̀nà inú fújì. Ó mọ ibi tí oríkì ti ń bọ̀, ó mọ ibi tí ìlù máa yí sí.

Orin gígùn Iron Maiden náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Steve Harris, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1975 tó sì ń ta béèsì wọn, ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Ẹ tẹ́tí sí Hell on Earth: ó wọlé pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, ó wá bẹ́ sáré láàárín, gìtá mẹ́ta ń bá ara wọn lọ, nígbà tó yá ó tún padà sí pẹ̀lẹ́ tó bá wá. Bí ẹ bá fò ó láti ìṣẹ́jú kejì nítorí pé ẹ rò pé kò fẹ́ gbéra, ẹ ò gbọ́ orin náà. Ìlẹ̀kùn lẹ rí.

Ẹ má wá ohùn 1982 lẹ́nu bàbá àgbà

Rob Halford, akọrin ẹgbẹ́ metal Judas Priest, ti pé ẹni ọdún 72 nígbà tí wọ́n gbé àwo Invincible Shield jáde ní oṣù Kẹta 2024. Glenn Tipton, onígìtá wọn, ti kéde láti 2018 pé àrùn Parkinson ń ṣe òun, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àwo yẹn. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni ohun tí Halford fi ohùn tó kù sí i lọ́fun ṣe. Mo mọ àwọn àgbàlagbà níhìn-ín tí wọ́n ń gbé gbogbo àwo Wasiu Ayinde lé orí ìwọ̀n Talazo '84 títí dòní, bí ẹni pé ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn kò gbọdọ̀ dàgbà. Wọ́n pàdánù ọ̀pọ̀ orin dáadáa.

Ẹ má fi ìjà inú ẹgbẹ́ jẹ orin níyà

Bruce Dickinson, akọrin Iron Maiden, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1993. Wọ́n mú Blaze Bayley, wọ́n sì ṣe àwo méjì pẹ̀lú rẹ̀, The X Factor ní 1995 àti Virtual XI ní 1998. Ọ̀pọ̀ wa kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. A ní kì í ṣe Bruce, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí Bruce padà dé ní 1999, ó mú orin kọ̀ọ̀kan nínú àwo méjèèjì, Sign of the Cross àti The Clansman, ó ń kọ wọ́n lójú agbo. Wọ́n wà nínú àwo Rock in Rio tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Brazil ní 2001, ẹ̀ ń gbọ́ bí èrò ṣe ń bá a lé e. Orin tí a ti lé kúrò nílé kúkú ni. Ohun tí a kórìíra ni pé Bruce lọ, orin la wá nà nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé àwa olólùfẹ́ metal nìkan ló ń ṣe báyìí, ẹ wo Ìjẹ̀bú-Igbó. Haruna Ishola kọ orin nípa Ọba Adeboye, Orímolúsì, àwo rẹ̀ jáde ní 1948, kò tà. Nígbà tí ọba wàjà, ó tún orin náà kọ ní 1955, orin yẹn wà lára ohun tó gbé àpàlà kiri. Ọba kan náà, akọrin kan náà. Etí àwọn tó ń gbọ́ ló yí padà. Bí Haruna Ishola bá ti gba ìdájọ́ 1948 gbọ́, kò ní sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tí ẹ fi ń gbọ́ ọ wò

Sípíkà ẹ̀yìn fóònù kì í gbé béèsì jáde, ẹni tó bá sì fi í gbọ́ metal kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Kí ẹ tó sọ pé àwo tuntun fẹ́lẹ́, ẹ fi ohun kan náà gbọ́ àwo àtijọ́ tí ẹ mọ̀ dunjú. Bí ìyẹn náà bá fẹ́lẹ́, ẹ ti rí arúfin. Ẹ kàn má fi ...And Justice for All, àwo Metallica ti 1988, yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí béèsì tiẹ̀ kò gbọ́ sétí lórí sípíkà olówó gọbọi pàápàá. Bí wọ́n ṣe pò ó pọ̀ nìyẹn.

Ẹ má sì bo àlébù mọ́lẹ̀

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó ń gbèjà St. Anger, àwo Metallica ti 2003, lórí gbogbo nǹkan. Lars Ulrich, onílù wọn, tú wáyà abẹ́ ìlù snare sílẹ̀, ìlù náà ń dún bí ẹni ń lu garawa òfìfo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n sì yọ dídá gìtá kúrò pátápátá. Death Magnetic tí wọ́n ṣe ní 2008 ní orin tó dáa, ṣùgbọ́n wọ́n fa ohùn rẹ̀ sókè débi pé ó ń ya. Èyí tí wọ́n fi sínú eré fídíò Guitar Hero mọ́ ju ti àwo lọ, àwọn olólùfẹ́ ló sì kọ́kọ́ pariwo rẹ̀ síta, wọ́n kọ̀wé pé kí wọ́n tún un pò. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Wọ́n ti gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ìka kan ibi tó ń dunni.

Ẹ má dúró lọ́nà

Inú ti ń bí mi sí 13, àwo ẹgbẹ́ metal Black Sabbath, kó tó jáde ní oṣù Kẹfà 2013. Bill Ward, onílù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Brad Wilk ló lu ìlù. Mo gbọ́ orin méjì, mo pa á tì, ohun tí mo sì ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé kò ní ẹ̀mí.

Ọjọ́ 5 oṣù Keje 2025, wọ́n ṣe ìdágbére ní Villa Park ní Birmingham, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bill Ward wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn rẹ̀, Ozzy Osbourne, akọrin wọn, kú. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́, kò síná ládùúgbò wa, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ 13 láti orin kìíní dé ìkẹjọ. Bí Dear Father ṣe ń parí lọ, òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ nínú rẹ̀, àrá ń sán, agogo ń dún lókèèrè. Òjò yẹn àti agogo yẹn ni wọ́n fi ṣí àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1970. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjìlá, mi ò dé ibẹ̀ rí.