Bí Mo Ṣe Gbé Hilux Mi Sókè fún Ọ̀nà Oko

Ọ̀nà tí ó ti Ìpólé-Ìlórò wọ oko kòkó bàbá mi kì í ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ lásán ń gbà nígbà òjò. Àpáta quartzite tí ó para pọ̀ di òkè Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìkógòsì yọrí káàkiri ibẹ̀, àgbàrá sì ti gbẹ́ kòtò sí àárín rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì Hilux 2003 mi lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá ti kó kòkó sẹ́yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀ a máa gbá òkúta.

Níwájú ọkọ̀ yìí, irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní torsion bar ni ó gbé e dúró. Bí a bá fún bóòtù rẹ̀ mọ́, imú ọkọ̀ á gòkè. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní Adó fún un títí ó fi gòkè ní ìníṣì mẹ́ta, inú mi sì dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi rí gíríìsì dúdú, tí iyanrìn ti wọ̀, tí ó fọ́n ká ẹ̀yìn táyà ọ̀tún. Ọ̀pá tí ó ń yí táyà ti dagun jù, rọ́bà tí ó bo oríkèé rẹ̀ sì ti ya. Ọ̀gá mìíràn ni ó pààrọ̀ rọ́bà náà, tí ó sì dá bóòtù padà sí ìníṣì kan àbọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ó lè gòkè dé nìyí.” Ó fi irin pẹlẹbẹ kan kún sípíríǹgì ẹ̀yìn, ó sì fi ọ̀pá búrékì tí ó gùn díẹ̀ sí i, kí èyí tí ó wà níbẹ̀ má baà já nígbà tí táyà bá rọ̀ sínú kòtò.

Síbẹ̀, nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ tí mo fi téèpù wọn ilẹ̀ sí abẹ́ differential ẹ̀yìn, ìyẹn ilé jíà tí ó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kò fi ìka kan yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ara ọkọ̀ nìkan ni sípíríǹgì ń gbé. Orí táyà ni differential yẹn gbára lé, táyà ńlá nìkan ni ó sì lè gbé e. Èyí ni ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó náwó. Mo yọ táyà 235/75R15, tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìníṣì 29, mo sì fi oní-ìníṣì 31 sí i: ìdajì ìyàtọ̀ náà, ìníṣì kan, ni differential fi gòkè. Láti ìgbà náà, bí aago eré bá fi 100 hàn, nǹkan bí 107 ni mo ń sá.

Wẹ́dà kan bá mi fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà, ó dá ihò sí i fún títú ọ́ìlì. A tún fa rọ́bà tí differential fi ń mí sókè, nítorí pé bí ó bá gbóná tí ó sì wọ odò, omi ni yóò fà mu.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo tú afẹ́fẹ́ táyà láti 35 wá sí 20, mo fi jíà sí 4L, èyí tí ó ń fi agbára yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́jẹ́, mo sì rọra ń gòkè. Bàbá mi, tí wọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ níbi òkúta ńlá kan kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Mo ní, “Bàbá, ẹ jókòó, a ti kọjá rẹ̀.”