Bí Omi Àjọlò Ṣe Lè Dé Oko Tó Kẹ́yìn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò omi àjọlò yín, ìyẹn omi tí ẹ jọ ń fi kòtò fà wọ oko, dára, oko tó kẹ́yìn lójú kòtò ni kí ẹ lọ wò. Ẹni tó wà lókè lè ṣí omi nígbà tó bá wù ú. Àṣẹ́kù ni ti ìsàlẹ̀, irè rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ rọ bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Ibẹ̀ ni ìjà omi ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí ni kí ẹ fi pín omi, kí ẹ sì wo bí ilẹ̀ kálukú ṣe tó. Bí wákàtí kan bá tọ́ sí hẹ́kítà kan, méjì ni ti ẹni tó ní hẹ́kítà méjì. Ṣùgbọ́n omi tí a ṣí lókè kì í dé ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kòtò tó ti gbẹ á kọ́kọ́ mu tirẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí omi bá wọ ẹnu oko gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí olóko. Ẹ tún máa yí ti òru ká, kó má jẹ́ pé ẹnì kan náà ni kò ní máa sùn.

Kí àkókò ìbomirin tó dé, ẹ fi ọ̀wẹ̀ kó iyanrìn àti koríko kúrò nínú kòtò, kí ẹ sì dí ihò tí alákàn àti eku lu sí bèbè. Ará òkè pàápàá gbọ́dọ̀ jáde. Lọ́jọ́ tí ọ̀gbàrá bá wó ìdídò, ìyẹn ògiri tó ń dá omi odò dúró kó lè wọ kòtò, apá òun nìkan kò ní ká a.

Ní tèmi, ará ìsàlẹ̀ ló yẹ kó máa ṣọ́ ilẹ̀kùn omi. Kí àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ náà wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹ kọ òfin àti owó ìtanràn sílẹ̀: kó kéré fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, kó máa pọ̀ sí i fún ẹni tó bá tún un ṣe. Ní Valencia, lórílẹ̀-èdè Spéìn, àwọn àgbẹ̀ tí àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wọn dìbò yàn ló ń dá ẹjọ́ omi ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Ẹnu ni wọ́n fi ń rò ó ní gbangba, ìdájọ́ á sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ọdún 2009 ni UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, kà á mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé.

Bí ẹ bá ti rí i pé omi kò ní tó lọ́dún kan, ẹ ṣèpàdé kí ẹnikẹ́ni tó gbin nǹkan, kí kálukú, lókè àti nísàlẹ̀, dín ilẹ̀ tó fẹ́ bomi rin kù ní ìwọ̀n kan náà.