Dọ́là kan lórí màlúù kan: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa owó checkoff ní Amẹ́ríkà

Bó o bá ta màlúù ní Amẹ́ríkà, dọ́là 1 ń kúrò nínú owó rẹ lórí ẹran kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní checkoff. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1985 ló dá owó yìí sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ẹran màlúù àti ìpolówó rẹ̀. Lọ́dún 1988, àwọn tó ń sin màlúù dìbò pé kó máa bá a lọ.

Má rò pé ẹni tó rà á ló ń san án. Ẹni tó tà á ló ń san. Ẹni tó rà á tàbí àwọn alákòóso ọjà kàn ń yọ ọ́ ni. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí o bá ta ọmọ màlúù fún ẹni tó ń fi pápá tọ́ ọ, tí ìyẹn tà á fún ẹni tó ń bọ́ ọ sanra, tí òun náà wá tà á fún ilé iṣẹ́ apẹran, dọ́là 3 ti jáde lórí rẹ̀. Aláròóbọ̀ tó tún un tà láàárín ọjọ́ 10 lè bọ́ níbẹ̀, àmọ́ àfi kó kọ fọ́ọ̀mù.

Ibi tí wọ́n ti ń jìn sí kòtò jù ni òwò láàárín aládùúgbò. Ẹnì kan ta abo márùn-ún fún ẹnìkejì, wọn ò gba ọjà kọjá, kò sì sẹ́ni tó rántí dọ́là 5. Ọrùn àwọn méjèèjì ló wà. Ọjọ́ 15 oṣù tó tẹ̀ lé e ni kí owó náà ti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹran màlúù ìpínlẹ̀. Bó bá pẹ́, èlé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gorí rẹ̀ lóṣooṣù.

Má kọ̀wé pé kí wọ́n dá dọ́là ìjọba àpapọ̀ padà, wọn kì í dá a padà. Dọ́là kejì tí ìpínlẹ̀ Texas ń gbà fún ara rẹ̀ láti 2014 ni o lè béèrè pé kí wọ́n dá padà.

Má sì pè é ní owó ìfiṣòfò. Owó yìí ló gbé ìwádìí tí Yunifásítì Nebraska àti ti Florida ṣe lórí iṣan ara màlúù. Nínú ẹran èjìká, iṣan líle kan gba àárín kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lọ̀ ọ́. Wọ́n la ẹran náà sí méjì, wọ́n yọ iṣan yẹn kúrò, ó sì di flat iron, ẹran rírọ̀ tó ń tà dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ jèrè? Ilé iṣẹ́ apẹran àti ilé ìtajà ni, láìsan dọ́là kankan lórí ẹran tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà tí màlúù láàyè bá gbówó lórí ni èrè tìrẹ tó dé, èmi ò sì rò pé ìyẹn tọ́.

Ìpolówó kò tẹ́ ọ lọ́rùn? Má torí ẹ̀ dáwọ́ sísan dúró. Lọ́dún 2005 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ ni ìpolówó náà, torí náà o ò lè tìtorí pé o ò fara mọ́ ọn kọ̀ láti san. Ìdajì dọ́là náà ń lọ sọ́dọ̀ Cattlemen's Beef Board, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó yìí ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìdajì tó kù ń dúró sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Béèrè ìwé ìṣirò owó àwọn méjèèjì, kó o sì mọ ẹgbẹ́ tó ń dábàá orúkọ àwọn tó lè wọ Board láti ìpínlẹ̀ rẹ, torí inú orúkọ wọ̀nyẹn ni mínísítà ètò ọ̀gbìn ti ń yan àwọn ọmọ Board, tí wọ́n ń kópa nínú pípinnu ohun tí wọ́n á fi dọ́là rẹ ṣe.