Bẹ́ ẹ ṣe lè fi fóònù ṣe kátúùnù Ìjàpá àti àsèjẹ nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kátúùnù òyìnbó nìkan làwọn ọmọ yín ń wò, ẹ lè ṣe tiyín o. Fóònù kan, páálí, sísọ́ọ̀sì àti àlọ́ tó dùn, ó ti tó. Ẹ máa fi páálí gé àwọn tó wà nínú àlọ́ náà, ẹ máa sún wọn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa ya fọ́tò wọn níkọ̀ọ̀kan; táwọn fọ́tò yẹn bá wá ń sáré tẹ̀ léra, á dà bíi pé wọ́n ń rìn. Èyí tí màá mú ni ti Ìjàpá tó lọ gba àsèjẹ fún Yánníbo ìyàwó ẹ̀ tó ń wá ọmọ, tí babaláwo ní kó má tọ́ ọ wò, tóun náà sì lá a mọ́ ọ̀nà, tí ikùn ẹ̀ wá ń wú. Èèyàn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, orin sì wà nínú ẹ̀. Kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ ṣá.

Ohùn lẹ máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, kì í ṣe àwòrán, torí tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò tán kẹ́ ẹ tó máa wá ohùn, ẹnu Ìjàpá ò ní bá orin mu láéláé. Ẹ wọ yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, ẹ pa fáànù, kẹ́nì kan máa lé “Babaláwo mo wá bẹ̀bẹ̀”, káwọn ọmọ máa gbè é, “Alugbinrin”. Tọ́mọ kan bá bú sẹ́rìn-ín láàárín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dùn.

Ó wá kan Ìjàpá fúnra ẹ̀. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa gé e: karawun, orí, ọrùn, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kí ọrùn yẹn gùn dáadáa kẹ́ ẹ lè máa tì í sábẹ́ karawun kẹ́ ẹ tún máa fà á jáde. Ẹ gé ikùn bíi márùn-ún, látorí pẹlẹbẹ títí dórí gbẹ̀ǹdù, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn tó bá ń wú. Ẹnu náà mẹ́ta: èyí tó pa dé, èyí tó là díẹ̀, èyí tó rí rogodo. Ẹ má lẹ ìkankan pọ̀ o, ẹ kàn tò wọ́n sórí ara wọn.

Ẹ gbé pákó lé àga méjì, ẹ to fóònù sórí ẹ̀ kí kámẹ́rà yọ kọjá etí pákó, kó máa wo ilẹ̀ níbi tẹ́ ẹ to Ìjàpá sí, ẹ fi sí airplane mode kí ìpè kankan má mi í. Ẹ ti fèrèsé, iná tó ń lo bátìrì ni kẹ́ ẹ lò, torí oòrùn á máa yí, àwòrán á sì máa ṣẹ́jú. Áàpù Stop Motion Studio, tó máa ń to àwọn fọ́tò pọ̀ di fídíò, dáa, ó máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí fọ́tò tẹ́ ẹ yà kẹ́yìn fírífírí lábẹ́ tuntun. Fọ́tò 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan ló tó, ìyẹn 720 fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, níbi tí Ìjàpá bá ti dúró jẹ́ẹ́, fọ́tò kan náà lẹ máa fà gùn.

Ibi tó ti tọ́ ọbẹ̀ wò gan-an ni kátúùnù yìí wà, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Kí gbogbo ara ẹ̀ dúró, ojú nìkan ni kó yí: ó wo ìkòkò, ó wo ọ̀nà, ó tún wo ìkòkò, kẹ́ ẹ fa ìkọ̀ọ̀kan tó fọ́tò mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kí ọrùn máa yọ díẹ̀díẹ̀, bíi fífẹ̀ hóró ìrẹsì kan láàárín fọ́tò kan sí èkejì, tó bá wá fẹnu kàn án báyìí, fọ́tò méjì péré, ó ti wọnú karawun padà. Bẹ́ ẹ bá sún un díẹ̀, á máa lọ jẹ́jẹ́, tẹ́ ẹ bá sún un púpọ̀, á fò.

Tó bá ti padà lọ bẹ babaláwo, tó ń kọrin pé “gbòǹgbò ló yọ̀ mí gẹ̀rẹ̀”, ẹ má fi gbòǹgbò kankan hàn. Ìgbà tó ń lá ìdí ìkòkò ni kẹ́ ẹ fi hàn. Ẹnu ń parọ́, àwòrán ń tú u fó, àwọn ọmọ á yí nílẹ̀. Ní tèmi o, mi ò ní jẹ́ kí ikùn ẹ̀ bẹ́, kó kàn dúró gbẹ̀ǹdù báyìí kí Yánníbo kówọ́ lé ìbàdí máa wò ó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ṣọwọ́ bíi document, torí tẹ́ ẹ bá fi ṣọwọ́ bíi fídíò lásán, ó máa fún un pọ̀, àwòrán ò sì ní mọ́ kedere mọ́.