Ẹ wo kọ́ọ̀sì kí ẹ tó wo orúkọ ilé ìwé: ìtọ́sọ́nà fún ọmọ tó fẹ́ wọ FUNAAB

Bí wọ́n bá ti dárúkọ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn ọmọ kan á ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní ọkọ́ àti àdá ló kún ibẹ̀. Àwọn mìíràn á sáré kọ ọ́ sínú fóòmù JAMB torí ẹnì kan sọ fún wọn pé kò ṣòroó wọ̀. Àtọ̀tún àtòsì ló ṣì í. Ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, kọ́ọ̀sì tí ẹ bá mú ló máa sọ iye ọdún tí ẹ máa lò, ibi tí ẹ máa wà ní ọdún kẹrin, àwọn iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe nínú UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, àti iye tó máa jáde lápò òbí yín.

Ohun tó wà nínú ọgbà

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta sílẹ̀, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti Makurdi. Ojú ọ̀nà Alábàtà ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, nǹkan bíi kìlómítà 15 sí ìgboro. Ilẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ hẹ́kítà 10,000. Ẹ fi kìlómítà 15 yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé bá délẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pe ohun tí àwọn yunifásítì mìíràn ń pè ní fákọ́tì. COLPLANT ló ni ọ̀gbìn, COLANIM ló ni ẹran ọ̀sìn, COLAMRUD ló ni ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbèríko. Àwọn mẹ́ta yìí ni gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ẹranko wà ní COLVET. Ẹnjiníà wà ní COLENG, títí kan sífù, mẹkáníkà, iná mànàmáná àti mechatronics. Kọ̀ǹpútà, ìṣirò, físíìsì àti statistics wà ní COLPHYS. Microbiology àti biochemistry wà ní COLBIOS. COLFHEC ló ni ìmọ̀ oúnjẹ, COLERM ló sì ni igbó, ẹja, omi àti àyíká. Ọmọ tó bá ka kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kò ní lo ọdún kankan lóko.

Iye ọdún ò dọ́gba. BSc bíi kọ̀ǹpútà tàbí microbiology gba ọdún mẹ́rin. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹnjiníà gba ọdún márùn-ún. Dókítà ẹranko gba mẹ́fà. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí mọ́ ọn, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìyanṣẹ́lódì, torí ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde kò ní lè sin ìlú ní NYSC. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún un.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe gba àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tí ẹ rí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn gbọ́. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ jáwọ́ nínú àwọn kọ́ọ̀sì bíi àkáǹtì àti báńkì, ó sì bá ọ̀pọ̀ ọmọ ní àìròtẹ́lẹ̀. IBASS, ìyẹn ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún tí ẹ fẹ́ wọlé gan-an.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ ní ẹ̀ka kan, ẹ bèèrè ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ti ẹran ọ̀sìn ní FUNAAB ṣeé fi ojú rí: adìyẹ FUNAAB Alpha, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ jáde láti ara adìyẹ ìbílẹ̀, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 2018. Ẹ máa gbọ́ orúkọ CEADESE náà, ibùdó tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́. Nǹkan iyì ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe másítà àti PhD ló wà fún jù, kò yẹ kí ọmọ ọdún kìíní tìtorí ẹ̀ yan ilé ìwé.

Ọdún oko

Ẹni tó bá ka iṣẹ́ àgbẹ̀ máa fi ọdún kẹrin ṣe iṣẹ́ oko. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí ilé ìwé ń rán wọn lọ gbé ní àwọn ìlú kéékèèké káàkiri ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ ètò COBFAS. Ibikíbi tí wọ́n bá fi yín sí, máàkì wà lórí ohun tí ọwọ́ yín bá ṣe, ẹni tí kò bá sì wá sóko kò lè fi ìwé kíkà bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbàdo. Bí ẹ bá fi 75 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ebè sí ebè, tí ẹ fi 25 sáàárín ihò sí ihò, kóró kan nínú ihò kan, ẹ máa ní ìdí àgbàdo 53,333 lórí hẹ́kítà kan. Ọmọ tó bá ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n dípò okùn tí wọ́n ti sààmì sí lára, kì í rí ìdajì iye yẹn nígbà mìíràn, kò sì ní mọ ohun tó fà á títí ìkórè á fi dé. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò fall armyworm, tó wọ Nàìjíríà ní 2016. Inú ọkàn ewé ló ń sá sí. Ìgbà tí ẹ bá rí ewé tó dà bí ohun tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún kiri, pẹ̀lú ìgbẹ́ rẹ̀ tó dà bí ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n rẹ́, ni kí ẹ gbé ìgbésẹ̀. Tó bá ti dàgbà wọ inú tán, oògùn kò ní bá a mọ́. Ti òròmọdìyẹ náà ní tirẹ̀: nǹkan bíi ìwọ̀n 33 sí 35 lórí Celsius ni ooru tí wọ́n nílò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá ṣù jọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá lọ sí etí ògiri tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù.

Ẹni tí nǹkan wọ̀nyí bá wù ú, kó wá. Ẹni tó bá jẹ́ pé máàkì rẹ̀ ni kò tó ti dókítà ẹranko, tó wá mú agronomy, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, láti fi sinmi, ọdún kẹrin ló máa mọ̀ pé òun ò sinmi.

Láti NIN dé CAPS

Ẹ ti gbọ́dọ̀ pé ọdún 16. Lórí fóònù tí ẹ máa lò títí, ẹ kọ NIN, ẹ fi àlàfo sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà 11 náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Kóòdù onínọ́ńbà 10 á padà wá. Òun lẹ máa mú lọ sí CBT centre, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà fóònù kan, ọmọ kan. Má ṣe lo fóònù ẹ̀gbọ́n tó ti fi ṣe JAMB tirẹ̀, má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ káfẹ́ fi íméèlì tirẹ̀ ṣe é fún ẹ, torí lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ wọ ojú ìwé rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa lọ bẹ̀.

Orúkọ ni ibi tó ti ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró. Ohun tó wà nínú NIN ni JAMB máa fà jáde. Bí NIN bá sọ Adébáyọ̀, tí WAEC sọ Adébáyọ̀-Òjó, tí ọjọ́ ìbí wọn tún yàtọ̀, ẹ lọ tún NIN ṣe kí ẹ tó ra fóòmù. Lẹ́yìn fóòmù, oṣù gbọọrọ lè kọjá.

Ní ti iṣẹ́ mẹ́rin: Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé yẹ̀. Fún ẹnjiníà, ẹ fi ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místírì kún un. Fún dókítà ẹranko, físíìsì, kẹ́místírì àti báyọ́lọ́jì ni. Fún iṣẹ́ àgbẹ̀, kẹ́místírì ṣe pàtàkì, pẹ̀lú báyọ́lọ́jì tàbí agric, àti ìkan sí i tí IBASS bá fọwọ́ sí. Ọmọ tó gba 270 tó sì fi geography sí ibi tí físíìsì yẹ kó wà nínú fóòmù ẹnjiníà, lásán ló gbà á.

Ìbéèrè 180 ni wọ́n máa bi yín nínú wákàtí méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ní 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40-40, ṣùgbọ́n 100 náà ni máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí a bá fi ojú ìṣirò lásán wò ó, ìbéèrè kẹ́místírì kan jẹ́ máàkì méjì ààbọ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì kò tó méjì. Ẹ má ṣe jókòó ti Gẹ̀ẹ́sì fún wákàtí kan.

Nígbà tí èsì WAEC tàbí NECO bá jáde, ẹ padà sí CBT centre, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ojú ìwé JAMB yín, kí ẹ sì dúró kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹni tó fi “awaiting”, pé èsì òun kò tíì jáde, sílẹ̀ ní oṣù kẹta tó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, CAPS, ìyẹn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB fi ń gba ọmọ wọlé, ò rí kírẹ́díìtì kankan lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ ga tó. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni, àwọn kọ́ọ̀sì kan sì fẹ́ kó pé ní ìjókòó kan.

Nínú àyè tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní, 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti máàkì tó ga jù, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà lágbègbè, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Òun ló fà á tí ọmọ méjì fi lè gba máàkì kan náà, kí ọ̀kan wọlé kí ìkejì jókòó sílé. Tí CAPS bá ti kọ pé wọ́n ti gbà yín, ẹ tẹ “Accept”. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n gbé fún yín, ẹ padà sórí iye ọdún àti ọdún oko tí a sọ lókè kí ẹ tó tẹ nǹkan kan.

Owó

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe dígírì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n owó acceptance, ìforúkọsílẹ̀, ìlera, láàbù àti láíbìrì wà. Ẹ bèèrè àpapọ̀ rẹ̀ fún ọdún yẹn gan-an, ẹ má bèèrè “school fees” nìkan. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí òfin rẹ̀ di fífọwọ́sí ní oṣù kẹrin 2024, kì í gba èlé: owó ilé ìwé ń lọ tààrà sí àpò ilé ìwé, 20,000 náírà lóṣù sì wà fún ìjẹun ẹni tó bá bèèrè fún un. NIN, BVN àti nọ́ńbà JAMB ni wọ́n máa fi dá yín mọ̀, orúkọ tí kò bára mu á tún dá yín padà níbí. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan padà bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní owó acceptance lọ́wọ́ ní tiyín, torí gbèdéke rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ilé

Bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà kò kárí. Ìgboro tó jìnnà yẹn ló sọ Camp, Ísolú, Harmony àti Kọ́fẹsù di ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mìíràn ń gbé Ọ̀bàntòkò, wọ́n ń fi owó mọ́tò dí èyí tí wọ́n rò pé àwọn dín nínú owó ilé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹ má bi àjẹ́ńtì, pé ṣé omi ń jáde nínú kànga ní oṣù kejì sí ìkẹta. Ẹ wo mítà iná, bóyá ti yàrá kan ni àbí ti ilé lódindi. Ẹ ní kí wọ́n ka owó náà jọ: ilé, àgírímẹ́ńtì, kọmíṣọ́ọ̀nù, káúṣọ̀n. Ẹni tó bá ń bèèrè owó kó tó mú yín lọ wo yàrá tó fi fọ́tò rẹ̀ hàn lórí WhatsApp, ẹ dá a lóhùn pé ẹ máa dé.

Sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́

GST, ìyẹn kọ́ọ̀sì gbogboogbò tí gbogbo ọmọ ń ṣe, làwọn ọmọ máa ń fojú di, wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì lásán ni. Ẹ wo ọmọ yìí: MTH 101, yúnìtì 2, C, CHM 101, yúnìtì 2, B, BIO 101, yúnìtì 2, A, CHM 107, yúnìtì 1, A, GST 111, yúnìtì 2, D. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. Ẹ fi yúnìtì sọ ọ́ di púpọ̀: 6, 8, 10, 5, 4, àpapọ̀ 33. Ẹ pín in sí yúnìtì 9: 3.67 ni GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀. Ká ní B ló gbà ní GST, 4.11 ni ì bá ní. Ẹni tó bá ń retí àtipààrọ̀ kọ́ọ̀sì lọ́dún kejì, irú àlàfo yẹn ni wọ́n máa wò.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ ṣe clearance, ẹ mú ojúlówó èsì WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀, èsì UTME àti ìwé ìgbàwọlé JAMB dání, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ẹ ti ilé ṣe ẹ̀dà mẹ́fà-mẹ́fà, nítorí ìlà tó máa wà níwájú ẹ̀rọ fótókọ́pì ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ò ní fẹ́ tò ó.