Àṣìṣe tó ń ba ètò tẹlifíṣọ̀n jẹ́ kó tó dé orí díìsìkì

Bí wọ́n bá fi ìwúyè ẹ̀gbọ́n yín hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀, tàbí tí wọ́n pe bàbá yín wá sórí ètò òwúrọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò ní tún un ṣe nítorí yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gba irú ètò bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sórí DVD fún àwọn àgbà ilé tí kò fẹ́ wàhálà fóònù. Iṣẹ́ náà kò le. Ṣùgbọ́n bí kò bá ti dára, díìsìkì là ń bú, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí a ń gba ètò náà sílẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́.

Ẹ má ṣe gbà á sílẹ̀ ní MP4 tààrà. Nílùú tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, èyí ló burú jù nínú gbogbo àṣìṣe yìí. MP4 lásán ní atọ́ka kan tó ń sọ ibi tí àwòrán àti ohùn kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì, ìgbà tí ẹ bá sì tẹ stop ló máa ń kọ atọ́ka náà. Bí iná bá lọ nígbà tí ètò ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó parí, fáìlì á wà níbẹ̀, á tóbi dáadáa, kò kàn ní ṣí ni. MKV àti TS, tí àwọn náà jẹ́ oríṣi fáìlì fídíò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tó bá ti wọlé kí iná tó lọ, ẹ ó rí i wò. Nínú OBS Studio, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń gba fídíò sílẹ̀, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Output, kí ẹ yan MKV. Bí ẹ bá ṣe tán, Remux Recordings tó wà lábẹ́ File á sọ ọ́ di MP4 láìfọwọ́ kan àwòrán rárá.

Àwọn kan á sọ pé àwọn ní UPS. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà nìkan! Bí iná bá lọ, dikódà á kú, kọ̀ǹpútà á sì máa gba òkùnkùn sílẹ̀ títí ètò á fi parí. Dikódà ló yẹ kó kọ́kọ́ wà lórí UPS tàbí ínfátà, pàápàá bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tó ní bátìrì ni ẹ ń lò.

Ẹ pa sleep, ẹ dá Windows Update dúró fún ọjọ́ náà, ẹ má sì máa wo YouTube lórí kọ̀ǹpútà tó ń gba ètò lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ inú flash tàbí háàdì ìta ni ẹ fẹ́ gbà á sí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá FAT32 ni ọ̀nà tó ń gbà to fáìlì. FAT32 kì í gba fáìlì tó bá tó 4 GB, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín á ti gé. NTFS tàbí exFAT ni kí ẹ lò.

Ní ti wáyà, HDMI ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ so dikódà mọ́ capture card, ìyẹn káàdì tó ń gba àwòrán wọ inú kọ̀ǹpútà, dúdú kirimú ni ẹ ń rí. Káàdì yín kò bàjẹ́. HDCP ni, ìdènà tí wọ́n fi sínú HDMI kí wọ́n má baà dà á kọ. Ọ̀pọ̀ dikódà ṣì ní ojú AV tó ń lo wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti HDMI lóòótọ́, ṣùgbọ́n DVD fúnra rẹ̀ kò kọjá ìlà 576, nítorí náà ohun tí ẹ pàdánù kò pọ̀.

Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ló jẹ́ pé NTSC, ìlànà tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, ló máa ń wà lórí rẹ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i. PAL ni tiwa ní Nàìjíríà. Bí àwòrán bá di dúdú àti funfun, tàbí tó ń yí lọ sókè sódò, ẹ má tíì ra wáyà tuntun. Ẹ yí i sí PAL, 720 × 576, fréèmù 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohùn ló máa ń já èèyàn kulẹ̀ jù, torí pé kì í tètè hàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ á dára. Tó bá fi máa tó wákàtí kan, bàbá ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ohun tó fà á ni pé USB ni àwòrán gbà wọlé, ihò ohùn ara kọ̀ǹpútà ni ohùn gbà wọlé, aago àwọn méjèèjì kò sì bára mu. Ìyàtọ̀ tíńtín ló ń kóra jọ. Ẹ jẹ́ kí ohùn náà gba inú capture card kọjá. Bí kò bá ṣeé ṣe, ojú line-in aláwọ̀ búlúù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti máíkì, tó máa ń fẹ ohùn lójú títí yóò fi máa han gooro. 48 kHz ni DVD ń fẹ́, kì í ṣe 44.1. Kí ọjọ́ ètò tó pé, ẹ gba nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ sì wo ìparí rẹ̀, ẹ má wo ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ìlà wínníwínní bí eyín òòyà létí ẹni tó ń rìn, ẹ má sáré tẹ deinterlace, tó ń pa ìlà náà rẹ́. Bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ nìyẹn, ìdajì ìlà lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń tú u fó. DVD gbà á bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ á sì tò ó dáadáa. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ijó á máa já kanrin kanrin.

Ojúkòkòrò náà wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó òde wákàtí mẹ́ta sórí díìsìkì kan ṣoṣo. Díìsìkì 4.7 GB, tí Windows máa ń pè ní 4.38, ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 bí ìwọ̀n fídíò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bá jẹ́ 8 Mbps, àti nǹkan bíi wákàtí méjì ní 5 Mbps. Bí ẹ bá rọ́ ọ tó wákàtí mẹ́ta, ẹni tó jókòó sọ̀rọ̀ lè ṣì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń náwó: owó ń fò, léèsì ń dán, gbogbo ara ń mì. Nǹkan tí MPEG-2, ọ̀nà tí DVD ń gbà fún fídíò pọ̀, kórìíra jù nìyẹn, ojú ìyàwó á di igun mẹ́rin kéékèèké. Ẹ pín in sí díìsìkì méjì. Ẹ má sì máa yí i láti oríṣi kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó débẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ lára àwòrán.

Kí ẹ kàn wọ́ MP4 sórí díìsìkì kò sọ ọ́ di DVD tí gbogbo ẹ̀rọ lè lò. Ó gbọ́dọ̀ ní fódà VIDEO_TS nínú. Windows DVD Maker ti kúrò láti Windows 8, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà DVDStyler ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì VOB tí ẹ ó rí nínú rẹ̀ kì í ju 1 GB lọ. Ẹ má da ọ̀kan kọ kí ẹ rò pé ètò náà ti pé.

Ẹ fi 4x tàbí 8x kọ ọ́, pàápàá díìsìkì olówó pọ́ọ́kú. Ẹ má lẹ bébà mọ́ ọn, á máa mì nínú ẹ̀rọ. Máàkà tó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sí i, kì í ṣe báírò. Ẹ̀rọ DVD pálọ̀ ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́, kí ẹ má sì pa MKV àkọ́kọ́ rẹ́ títí ẹ ó fi dán an wò tán.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, PAL ni wọ́n ń lò níbẹ̀ náà. Ti Houston ló yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD Amẹ́ríkà kì í ka PAL, bẹ́ẹ̀ tiwa máa ń ka méjèèjì. Ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó wà níbẹ̀, ó yá jù kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí NTSC.