Bí A Ṣe Ń Dá Olú Inú Pápá Mọ̀ Yàtọ̀ Síra

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní Àkúrẹ́ àti agbègbè Oǹdó, olú á bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri pápá tí màlúù ti ń jẹko, pápá ìṣeré ilé-ìwé, àti koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ níwájú ilé. Púpọ̀ nínú wọn funfun, wọ́n sanra, orí wọn sì tẹ́ rẹrẹ. Orí yìí ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ, òun náà ló sì ń tanni jẹ jù. Ìdí olú, abẹ́ rẹ̀, àti lẹ́búlẹ́bú tó ń gbọ̀n sílẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè.

Ẹ hú u, ẹ má fà á tu. Ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká títí ẹ ó fi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ olú inú ọ̀gán, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Termitomyces, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní tán síbi tí ẹ rò. Á máa tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ bíi gbòǹgbò títí dé ibi tí ikán ń gbé. Àárín orí rẹ̀ sì máa ń yọ ṣóńṣó. Olú ọ̀ràn nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀: wẹ́wẹ́ ni, ó ń hù lọ́pọ̀ yanturu lórí ilẹ̀, nítorí pé ikán fúnra wọn ló kó ohun tó ń hù lára rẹ̀ jáde.

Bí ẹ bá rí àpò funfun tó gba ìdí olú, ẹ dúró ná. Ẹbí Amanita, tí àwọn tó ń pani wà nínú wọn, máa ń ní irú àpò yìí. Volvariella tó ń hù níbi tí wọ́n da ìhá ẹyìn sí, tí àwọn èèyàn sì ń jẹ, ní in pẹ̀lú. Ẹni tó fà á tu ti fi àpò sílẹ̀ nínú ilẹ̀, kò sì ní mọ èyí tó gbé lọ sílé.

Olú kéékèèké, tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ dúdú, tó hù lórí ìgbẹ́ màlúù: ẹ fi sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn máa ń da orí èèyàn rú.

Ẹ wá yí olú padà, kí ẹ wo àwọn awẹ́ wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀. Agaricus, ìbátan olú inú agolo tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, máa ń ní awẹ́ píǹkì nígbà tó ṣì kéré, tó bá dàgbà á ṣú. Ẹ gé ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀: bó bá yí sí àwọ̀ ìyeyè ràkọ̀ràkọ̀ lójú ẹsẹ̀, tó sì ń rùn bíi Izal, ẹ sọ ọ́ nù, inú rírun ló wà níbẹ̀.

Èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù nínú koríko ni Chlorophyllum molybdites. Orí rẹ̀ lè fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó funfun, ìpẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ wà lórí rẹ̀, òrùka ọrùn rẹ̀ sì ṣeé tì sókè sódò. Ó sábà máa ń hù yípo. Bó bá ṣì kéré, awẹ́ rẹ̀ funfun bíi ti olú rere. Ìgbà tó bá dàgbà ló ń yí sí àwọ̀ ewé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ gé ẹsẹ̀ olú tó ti là dáadáa, kí ẹ da abẹ́ orí rẹ̀ dé bébà, ìdajì lórí funfun, ìdajì lórí dúdú, torí lẹ́búlẹ́bú funfun kì í hàn lórí bébà funfun. Ẹ fi abọ́ bò ó kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Láàárọ̀, ẹ ṣí i. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, Chlorophyllum nìyẹn, ẹ sọ ọ́ nù. Bó bá funfun, ó lè jẹ́ Amanita. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Bó bá ṣú bíi kóró kòkó tó gbẹ, ó lè jẹ́ Agaricus. Bó bá jẹ́ píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ padà lọ wo ìdí rẹ̀: gbòǹgbò dé ilé ikán bíi ti olú ọ̀gán, àbí àpò bíi ti Volvariella? Bí kò bá sì gbọ̀n ohunkóhun sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò tíì gbó, ẹ má fi ojú inú kún un.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ṣíbí fàdákà, iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà tí wọ́n ní ó máa ń dúdú bí olú bá ní májèlé. Bí kòkòrò tó jẹ olú kò bá kú, ìyẹn kò kan ikùn yín. Májèlé Amanita kì í kú sínú iná. Ní tèmi o, olú ọ̀gán tí mo rí gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ni mo ń sè; ti inú koríko gbalasa, mo kàn ń wò ó ni.

Chlorophyllum máa ń mú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wá láàárín wákàtí 1 sí 3. Májèlé Amanita tó burú jù máa ń pẹ́ tó wákàtí 6 sí 24 kó tó hàn. Lẹ́yìn náà ara á dà bíi pé ó ti yá, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ lọ. Ẹ má dúró dè é. Ẹ gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú olú tó ṣẹ́kù, àti ọbẹ̀ náà, dání fún dókítà.